Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Tún Igbá Àyà Ṣe: Ike, Síméǹtì, Titanium àti Ẹran Ara Ẹni

Àkọsílẹ̀ ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Carter Bridge, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn káńtà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú ọjà, ẹ ó tà o.

Lónìí, mo fẹ́ ká jọ rìn díẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láìdìde níbi tí a jókòó sí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìdúmọ̀tà, ká gba Balógun, ká já sí Jankárà. Lójú ọ̀nà, a ó rí àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, tí wọ́n tò jọ fún títà. A ó rí àga ike. A ó rí téèpù funfun tí púlọ́ḿbà máa ń wé mọ́ ẹnu páìpù kí omi má baà jò. A ó rí ọmọge tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn, tó ń fi acrylic ṣe èékánná fún oníbàárà rẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ ohun ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n inú ìdílé àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni àwọn dọ́kítà ti mú ohun tí wọ́n fi ń dí àyà èèyàn, nígbà tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá mú egungun ìhà lọ.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹbí aláìsàn ló sábà máa ń gba lísìtì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n á jáde lọ ra ohun tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn wọn. Ta ni wọ́n sì máa ń rán? Èmi àti ẹ̀yin ni. Àwa tí a mọ fóònù tẹ̀, tí ẹsẹ̀ wa yá, tí a lè fi owó ránṣẹ́ lórí áàpù. Bí wọ́n bá kọ "mesh" tàbí "bone cement" sórí ìwé náà, ó yẹ ká mọ ohun tí a ń rà, ká sì mọ ìbéèrè tó yẹ ká bi dọ́kítà.

Àgò adìyẹ tó tún jẹ́ ẹwìrì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí igbá àyà ń ṣe. Egungun ìhà 24 la ní, 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì. Bó ṣe rí fún ọkùnrin náà ló rí fún obìnrin, ohun yòówù kí ẹ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Méje àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan so tààrà mọ́ egungun tó wà láàárín àyà. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé wọn ń fara ti èyí tó wà lókè wọn. Méjì tó kẹ́yìn kò dé iwájú rárá.

Tí ẹ bá wò ó lókèèrè, ó jọ àgò tí wọ́n fi ń dé adìyẹ. Ó ń dáàbò bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóóró. Ṣùgbọ́n àgò kì í mira, igbá àyà sì ń mira tọ̀sántòru. Ẹ rántí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: tó bá fẹ̀, atẹ́gùn á wọlé, tó bá sún kì, atẹ́gùn á jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àyà ṣe ń ṣe, nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Lójúmọ́, kò lè dín ní 17,000, kódà fún ẹni tó sùn sílé ní gbogbo ọjọ́.

Ó dáa, ká ní ara ẹwìrì yẹn ti lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó rọ̀ pọ̀jọ̀. Tí alágbẹ̀dẹ bá fà á, dípò kí atẹ́gùn gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ibi tó rọ̀ yẹn ni yóò máa wọnú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí egungun ìhà mélòó kan ti kúrò ní àyà rẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe ń mí sínú, ibi tí kò légungun ń wọlé nígbà tí ìyókù àyà ń jáde. Á máa ṣiṣẹ́ bí ẹrú kó tó rí atẹ́gùn díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ihò ló nílò àtúnṣe ńlá o. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń tẹ̀ lé ni pé, bí ihò náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5, tàbí tí egungun tó lọ kò bá tó mẹ́ta, wọ́n lè fi ẹran ara bò ó nìkan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn lókè, lábẹ́ egungun pẹlẹbẹ èjìká, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 10 kí wọ́n tó dí i, torí egungun èjìká yẹn ti ṣe ìlẹ̀kùn fún un. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń bèèrè ohun tó le.

Kí ló ń gbé egungun ìhà lọ?

Oríṣiríṣi ni. Jẹjẹrẹ ọyàn tí wọn ò tètè tọ́jú lè jẹ wọ inú egungun àyà. Kókó lè hù lára egungun ìhà fúnra rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró lè gba inú jáde síta. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ lè dá egbò tí kì í jinná sílẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kòkòrò àìsàn lè wọ egungun àárín àyà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ìjàǹbá ọkọ̀ àti ọ̀kadà náà ń bẹ níbẹ̀.

Èyí tó yẹ kó dùn wá jù ni ti ọyàn, torí ọ̀pọ̀ ìyá àti àǹtí wa ló jẹ́ pé ìgbà tí kókó náà ti di egbò ni wọ́n ń dé ilé ìwòsàn. Ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ lo àgbo, ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé wọ́n á gé e, owó ni kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó lè bẹ̀rẹ̀ ní General Hospital tó wà ní Broad Street, tó ti ń tọ́jú èèyàn láti ọdún 1893. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ àyà tó tóbi báyìí, ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn dọ́kítà tí iṣẹ́ wọn dá lórí ọkàn àti àyà wà. Ó tún máa ń bèèrè àwọn tí ń tún ara ṣe, irú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: dọ́kítà oríṣi méjì ni iṣẹ́ yìí sábà máa ń gbà. Ọ̀kan á gé ohun tó bàjẹ́ kúrò, èkejì á bo ojú rẹ̀.

Àwọ̀n ike

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjà wa. Àpò ìrẹsì àti àga ike yẹn, polypropylene ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 1954, Giulio Natta àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Ítálì rí bí wọ́n ṣe lè ṣe é kó le dáadáa. Òun àti Karl Ziegler ará Jámánì jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú iṣẹ́ yìí ní 1963. Ní nǹkan bí ọdún 1958, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Francis Usher, ní Texas ní Amẹ́ríkà, ti ń fi àwọ̀n tí wọ́n hun láti inú fọ́nrán ike tún ara àwọn tí ìfun wọn yọ sábẹ́ awọ ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àyà fi bá wọn lò ó.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni pé wọ́n á nà án bí awọ ìlù, wọ́n á rán an mọ́ egungun tó yí ihò náà ká. Àwọn ojú kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹran ara á gba inú àwọn ojú yẹn hù, àwọ̀n àti ara á di ọ̀kan. Kò wọ́n tó àwọn yòókù, ó sì rọrùn láti gé. Àìpé rẹ̀ ni pé bí ihò bá tóbi gan-an, àwọ̀n nìkan kò lè dúró gbọn-in.

Ohun tí nǹkan kan kì í lẹ̀ mọ́

Téèpù púlọ́ḿbà wa ńkọ́? PTFE ni. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń bo inú páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́. Ní 1938, Roy Plunkett, tó ń ṣiṣẹ́ fún DuPont ní Amẹ́ríkà, ṣí sílíńdà gáàsì kan, gáàsì ò jáde mọ́. Ó ti di ìyẹ̀fun funfun nínú rẹ̀. Bí ayé ṣe rí PTFE nìyẹn. Ní 1969, Bob Gore rí i pé tí òun bá mú un gbígbóná tí òun sì já a fà lójijì, á gùn, ihò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí á wà lára rẹ̀. Òun ni a mọ̀ sí Gore-Tex.

Èyí tí wọ́n ń ṣe fún àyà dà bí awọ funfun tó nípọn. Omi ò gba ara rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn ò gba ara rẹ̀ kọjá. Ìyẹn dára, torí omi tó máa ń sun yí ẹ̀dọ̀fóóró ká kò ní máa jò wá sábẹ́ awọ. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó dára náà ló mú kó léwu. Ẹran ara kò lè hù wọnú rẹ̀ bíi ti àwọ̀n. Bí kòkòrò àìsàn bá ráyè wọbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò lè dé inú rẹ̀ lọ bá wọn jà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àfi kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Síméǹtì

Ẹni tó bá ti jókòó ṣe èékánná acrylic rí mọ òórùn yẹn. Ìyẹ̀fun kan, omi kan, wọ́n á pò ó pọ̀, á rọ̀ bí ìyẹ̀fun púfù-púfù, á sì le. Ìdílé kan náà ni òun àti síméǹtì egungun ti wá. Methacrylate lorúkọ ìdílé náà, wọ́n sì ń fi í ṣe eyín àtọwọ́dá pẹ̀lú. John Charnley ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nínú iṣẹ́ egungun, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí fi í gbé egungun ìbàdí àtọwọ́dá dúró ní Ìlú Ọba ní ìparí àwọn ọdún 1950.

Fún àyà, àwọ̀n ni wọ́n máa ń tẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n á da síméǹtì lé e, wọ́n á tún fi àwọ̀n mìíràn bò ó, bí ẹni fi ẹja sáàárín búrẹ́dì. Kó tó le, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó gba ìrísí àyà aláìsàn náà. Ó máa ń gbóná gan-an bó ṣe ń le, nítorí náà ọ̀pọ̀ dọ́kítà ń jẹ́ kó tutù lórí tábìlì kí wọ́n tó gbé e wọ ara èèyàn. Ó le bí egungun, kò sì wọ́n tó titanium. Ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń mí. Àyà á máa lọ, á máa bọ̀, síméǹtì á dúró sójú kan. Ó lè dun èèyàn, ó lè sán. Tí kòkòrò bá sì wọ̀ ọ́, òun náà gbọ́dọ̀ jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ èyí kó wá rò pé páúdà oníṣẹ́ èékánná lè ṣe iṣẹ́ dọ́kítà o. Ìdílé kan náà kò ní kí ìwà jẹ́ ọ̀kan náà.

Titanium

Titanium ni àgbà nínú wọn, òun ló sì wọ́n jù. Ó fúyẹ́, kì í dípàtà nínú ara, ẹ̀rọ MRI kì í fà á. Ní Sweden, Per-Ingvar Brånemark rí i pé egungun máa ń dì mọ́ ọn pinpin, ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ eyín fún èèyàn àkọ́kọ́ ní 1965. Lónìí, wọ́n ń fi pátákó titanium tẹ́ẹ́rẹ́ so egungun ìhà tó dá, tàbí kí wọ́n fi rọ́pò èyí tó ti lọ.

Ní 2015, àwọn dọ́kítà ní Salamanca ní Sípéènì fi egungun àárín àyà àti apá kan egungun ìhà tí wọ́n fi titanium tẹ̀ sí àyà ọkùnrin ẹni ọdún 54 kan tó ní jẹjẹrẹ. Wọ́n ya àwòrán inú àyà rẹ̀, iléeṣẹ́ Anatomics ní Ọsirélíà yàwòrán egungun tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Melbourne, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Sípéènì. Egungun àyà gba kọ̀ǹpútà kọjá bí fọ́tò tí à ń fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà 17,000 lójúmọ́ yẹn. Ẹ mú wáyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Irin titanium náà lè dá, ìdè rẹ̀ sì lè tú. Kò sí èyí tí kò ní tirẹ̀.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò tà lọ́jà

Yorùbá ní àgbàtán là ń gba ọ̀lẹ: bí a bá dá aṣọ fún un, a ó pa á láró. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yẹn tó lè wà lábẹ́ awọ lásán kó sì pẹ́. Ẹran tó yè, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ bò ó. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń gbé oúnjẹ wá, òun ló ń gbé oògùn wá, òun ló ń kó ọmọ ogun ara wá bá kòkòrò jà.

Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ẹran náà ti ń wá. Ẹ wo apẹja tó ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Ẹran fífẹ̀ tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń yọ nígbà tó bá fa àjẹ̀, latissimus dorsi ni àwọn dọ́kítà ń pè é. Iginio Tansini, ará Ítálì, ti kọ nípa bó ṣe ń lò ó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọyàn ní 1906. Wọ́n á tú u kúrò lẹ́yìn, wọn ò ní gé òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gba abẹ́ abíyá yí i wá síwájú. Ẹran àyà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹran gbọọrọ tó wà níwájú ikùn wà níbẹ̀. Kódà ọ̀rá pẹlẹbẹ tó bo ìfun bí aṣọ ìbora, wọ́n lè fà á gòkè wá sí àyà.

Ẹni tí ìtànṣán ti kan ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló nílò èyí jù, torí ẹran ibẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Àwọ̀n tó wọ́n jù lọ láyé, bí ẹ bá gbé e sábẹ́ irú awọ bẹ́ẹ̀, ó lè tún yọ síta. Nígbà tí ihò kò bá sì tóbi, ẹran yìí nìkan lè tó. A kì í rà á, ṣùgbọ́n ó ń gba ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, àti ìtọ́jú tó péye lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi wọ́n?

Bí àwọ̀n bá jẹ́ ike, kí ló dé tí owó rẹ̀ ń kó ìpayà báni? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Uganda. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 lo àwọ̀n ẹ̀fọn fún iṣẹ́ abẹ ìfun tó yọ sábẹ́ awọ. Ọkùnrin 302 ló kópa. Wọ́n lo àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn kan, wọ́n lo èyí tí iléeṣẹ́ ń tà fún àwọn yòókù. Tàkọ́kọ́ ná wọn ní nǹkan bíi dọ́là kan, tèkejì ná wọn ní nǹkan bíi dọ́là 125. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn.

Ṣé ká wá lọ ra nẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà? Rárá o. Àwọ̀n tí wọ́n lò ní Uganda kò ní oògùn ẹ̀fọn lára. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gé e, wọ́n fi ẹ̀rọ pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀. Inú ikùn nísàlẹ̀ ni wọ́n sì lò ó, kì í ṣe àyà. Ohun tí ìwádìí yẹn kọ́ wa ni pé ike kò wọ́n. Ohun tí à ń sanwó fún ni ìdánilójú: pé wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pé kòkòrò ò sí lára rẹ̀, pé ẹnì kan lè dáhùn bó bá bàjẹ́.

Ìdánilójú yẹn gan-an ni ayédèrú ń jí gbé. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa fún ìgbà kan, pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba, nítorí ayédèrú àti oògùn tí wọn ò tọ́jú bó ṣe yẹ. Olóòótọ́ pọ̀ lọ́jà wa, ẹ má ṣe gbàgbé. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ àwọ̀n tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ́.

Bí lísìtì bá dé ọwọ́ yín

Ẹ ya fọ́tò èyí sínú fóònù yín.

Ẹ ní kí dọ́kítà kọ orúkọ ohun náà ní kíkún, bó ṣe tóbi tó, àti irú èyí tó fẹ́. "Mesh" nìkan kò tó.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó wà ní ilé oògùn ilé ìwòsàn náà. Bí kò bá sí, ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń rà á.

Ẹ wo páálí: ó gbọ́dọ̀ dì pa, kò gbọdọ̀ ya, kó ní nọ́ḿbà NAFDAC, nọ́ḿbà ìpele tí wọ́n ti ṣe é, àti ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ máa parí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní àjẹkù tí òun ti tún sè, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ tọ́jú sítíkà tó wà lára páálí, kó wọ fáìlì aláìsàn. Lọ́jọ́ iwájú, dọ́kítà mìíràn lè fẹ́ mọ ohun tó wà ní àyà yẹn.

Kí ẹ sì béèrè ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, dọ́kítà, kí lẹ máa fi bò ó, ta ló sì máa bò ó?" Bí ìdáhùn ìyẹn bá ti wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Èyí tó dín owó kù jù nínú gbogbo ohun tí a sọ lónìí ni kí kókó kékeré má dàgbà dé egungun. Ẹ bá mi bi màmá yín, ẹ bi àǹtí yín, ẹ bi ìyàwó ilé, bóyá nǹkan kan ń bẹ lọ́yàn wọn tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ẹ má fi ẹ̀rù bi wọ́n. Ẹ kàn bá wọn lọ.

Ẹ fi ètò yìí sórí WhatsApp ẹbí yín. Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa mí dáadáa o.